Ogún Abọ́ Ní Lemuy

Òjò erékùṣù Lemuy kì í dá.
Ó ń wẹlẹ̀ bí ẹni tó ń sunkún tí kò mọ ìdí.
Nínú ilé onípákó létí òkun,
ìyá ìyá mi, Eduvina Chiguay, mú ọ̀dùnkún gbígbóná,
ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó bù ú jẹ, ó ní:
"Koríko òkun ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ èyí.
Tọ̀hún, ajílẹ̀ inú àpò ni.
Ahọ́n mi mọ ìyàtọ̀."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Valdivia dé,
ìṣirò ọdún méjì ń yún mi lọ́wọ́.
Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká dán an wò."
Ó wò mí bí ọmọ tó ń fi ṣíbí wọn òkun.
"Dán an wò. Má ṣáà fi iyọ̀ mi ṣòfò."

Kí iná tó jó, mo kọ ọ́ sínú ìwé:
*Kò mọ nǹkan kan. Bó bá ṣe bọ́ sí i lẹ́nu ló ń sọ.*
Ọ̀rọ̀ burúkú ni, sí ẹni tó pọ̀n mí ní kékeré.
Ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ti ń gbéra:
ká gbà pé òfo ni,
ká wá wò ó bóyá ohun tójú rí yóò lé wa kúrò níbẹ̀.

Mo sì fa ìlà: márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.
Ohun tí aláìmọ̀kan lè fi oríire ṣe
jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò ní pariwo lé e lórí.
Ta ló yan márùn-ún? Àṣà ni, kò bọ́ láti ọ̀run.
Ṣùgbọ́n a fà á kí abọ́ tó dé; iyì rẹ̀ nìyẹn.

Eleodoro wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń ju pésò sókè:
orí, koríko òkun; ẹ̀yìn, ajílẹ̀ àpò.
Èmi tí mò ń gbé abọ́ wọlé kò mọ èyí tó wà nínú rẹ̀,
kí ojú mi má baà bá Màmá sọ̀rọ̀.
Abọ́ kan. Abọ́ méjì. Ó fi omi yọ́nu.
Ológbò sùn.
Nígbà tó di abọ́ kẹsàn-án, ó ti gba méje,
àyà mi ti ń lù kìkì.
Ìkọkànlá, ó ṣì í. Ìkejìlá, ó ṣì í.
"Ta ló fi epo kan ìkòkò yìí?"
A kò dáhùn.

Nínú ogún, mẹ́rìnlá.

Mo ṣírò rẹ̀ lábẹ́ àtùpà.
Kí aláìmọ̀kan gba mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ:
ó lé ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kò tó mẹ́fà.
Bíńtín ló fi kọjá ìlà.

Ọwọ́ mi fẹ́ sún ìlà náà sókè.
Abọ́ kọkànlá tí epo bà jẹ́ ńkọ́? Ká yọ ọ́?
Àbí ká tún gbé márùn-ún wá, ká máa gbé e wá
títí ìdáhùn yóò fi wù wá?
Ẹni tó ń ju owó títí yóò fi já sí orí,
kó má pè é ní ìmọ̀.
Mo ká ara mi lọ́wọ́ kò.

"Màmá, n kò lè sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n."
"Ṣé o wá lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n?"
Òjò ń lu páànù.
"Rárá. Ìyẹn náà, n kò lè sọ ọ́."
Ẹjọ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tó kò sọ ẹnikẹ́ni di mímọ́.
Ogún abọ́ kéré; ìyàtọ̀ tín-ín-rín a máa gba àárín rẹ̀ lọ
bí ẹja wẹ́wẹ́ ti í gba ojú àwọ̀n.
Ẹni tí kò fẹ́ pe aláìṣẹ̀ lólè
ti gbà pé olè kan lè rìn kọjá lójú òun.

Ó bó ọ̀dùnkún tó kù, ó pín in sí mẹ́ta.
"Bí a bá wa tuntun lóṣù Kẹta,
gbé ọgọ́rùn-ún abọ́ wá.
Jẹ èyí ná."

Mo dijú, mo ń wá òkun nínú rẹ̀.
Ó jọ pé mo rí i.
N kò kọ ìyẹn sílẹ̀.